Aṣọ Tí Kò Ní Bọ́tìnnì

Bàbá ìyàwó mi so táì mọ́rùn lọ ra búrẹ́dì. Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà. Ọjọ́ kejì tó dé ọ̀dọ̀ wa ni. Ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì kò ju kí èèyàn sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn ilé wa, kó sọdá títì. Síbẹ̀, kóòtù dúdú wà lára rẹ̀, àkẹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, bàtà rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, ìlà tó fi áyọ́ọ̀nù fà sí iwájú ṣòkòtò rẹ̀ sì mú débi tí èèyàn fi lè fi gé àlùbọ́sà. Èmi ń lọ síbi iṣẹ́ ní tèmi. Lórí àtẹ̀gùn la ti pàdé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo aṣọ iṣẹ́ mi tí gírísì ti sọ di awọ.

"Àna mi, ṣé báyìí lo ṣe ń jáde?"

"Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe, Bàbá. Abẹ́ bọ́ọ̀sì ni mò ń lọ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o kò tíì dé abẹ́ bọ́ọ̀sì. Ojú títì lo máa kọ́kọ́ gbà kọjá."

Mo rẹ́rìn-ín, mo yà fún un kó kọjá.

Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń rìn láàrin àwọn tó wọkọ̀, tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń sọ fún wa pé ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọrùn rẹ ló máa kọ́kọ́ wò: bó bá rí táì níbẹ̀, á bẹ̀ ọ́, bí kò bá rí táì, ìjà dé. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Ní ìlú tiwa, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí aṣọ là ń kí níbẹ̀ kí a tó kí èèyàn. Bí àgbàlagbà bá jáde sí gbangba láìde bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, àwọn tó bá pàdé á bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Ìlú tí a wà yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Níbí, olówó ló ń wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún, owó gidi ló sì fi rà á pẹ̀lú yíya rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ wa, tó lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lé gbogbo wa lọ sílé, ẹ̀wù tó ń wọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń nu ọwọ́. Bí o bá rí ẹni tó wọ kóòtù dúdú pẹ̀lú táì lọ́sàn-án gangan, ọ̀kan nínú méjì ni: òkú ló fẹ́ lọ sin, tàbí ilé ẹjọ́ ló rán an wá lé ayálégbé jáde. Nítorí náà, bí bàtà Bàbá bá ti ń dún kọ́, kọ́, kọ́ lórí àtẹ̀gùn, ńṣe ni ilẹ̀kùn ń tì lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin tó ń rán kọ́tìnnì ní àjà kejì á dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, á ṣe bí ẹni tí kò sí nílé.

"Àwọn ará ilé yín yìí mà ń tijú o," Bàbá sọ fún mi.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé búrẹ́dì nìkan ni ọkùnrin náà ń gbé gòkè. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dákẹ́ nítorí rẹ̀ mọ́. Obìnrin oníbúrẹ́dì fún un lórúkọ, ó ní Mínísítà. Mínísítà á jókòó sórí àga gígùn iwájú ṣọ́ọ̀bù, á ṣí àkẹtẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, á fi ìwọ̀nba èdè ìlú yìí tó gbọ́ kí wọn, wọ́n á sì kí i padà. Ó mọ ajá àdúgbò, ó mọ olówó ajá. Èmi tí mo ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Inú Bàbá dùn nígbà náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ìyàwó mi nìkan ni inú rẹ̀ kò balẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló jẹ́ fún Bàbá. Ọ̀dọ̀ wa níbí ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, orí fóònù ló ti gbọ́, ó sì fi ara rẹ̀ bú pé òun kò ní gbọ́ ti bàbá òun báyẹn. Ó sáré kiri títí ìjọba ìlú yìí fi gbà kí Bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju kí bàbá rẹ̀ dàgbà lójú rẹ̀, kó mọ̀ pé ó jẹun, kó mọ̀ pé ó sùn. Ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé bí Bàbá bá máa bá wa gbé, ó gbọ́dọ̀ dà bí ará ibí.

Mi ò bá a wí. Mo mọ ibi tí bàtà ti ta á lẹ́sẹ̀. Ilé ìwòsàn eyín ló ti ń gba àlejò, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, aṣọ pupa fòò, aṣọ aláwọ̀ ewé, bàtà gogoro, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ̀ bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ nílé. Ojoojúmọ́ ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń bi í pé, "Níbo lo ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́?" Kò lọ sí ibì kankan. Ilé ló ń bọ̀. Wọ́n bi í títí ó fi ra aṣọ aláwọ̀ eérú, ó ká àwọn tó kù sínú àpótí. Ọjọ́ tó wọ eérú dé ibi iṣẹ́ ni wọn kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ẹkún ló sun nígbà tó délé, kò sì gbà fún mi pé ẹkún ni.

Ìgbà tó yá, a ní láti mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n ń yẹ ara gbogbo àgbàlagbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá síbí wò. Ìyàwó mi ló mú un lọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò sì yé mi délẹ̀ títí di ẹ̀yìn ọ̀ràn. Bàbá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó wọ wẹ́síkóòtù, ó gbé kóòtù lé e, ó so táì. Dókítà jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ sálúbàtà àti ẹ̀wù olódòdó. Bàbá rò pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ni, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ìgbà wo ni dókítà máa dé?" Wọ́n ní kó bọ́ṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì. Ó tú ti kóòtù, ó ká kóòtù, ó tẹ́ ẹ sórí àga. Ó tú ti wẹ́síkóòtù, ó ká òun náà. Àwọn aláìsàn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ń wo aago.

Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó kọjú sí ìyàwó mi, ó sì bá a sọ̀rọ̀ lédè ìlú yìí, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Ohun tó sọ nìyí: "Ara bàbá yín le koko, ọkàn rẹ̀ ń lù bíi ti ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, nígbà míì, ẹ wọ aṣọ tó rọrùn bọ́ fún un. Àbí ibi òkú lẹ ti ń bọ̀?" Àwàdà ló fi ṣe. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ fà ro, nítorí ohun tí wọ́n ti fi ṣe é rí ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe bàbá rẹ̀.

"Kí ló wí?" Bàbá bi í lóde.

"Kò wí nǹkan kan, Bàbá mi. Ó ní ara yín le."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá mi."

Ọmọ wo ló fẹ́ la ẹnu sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọmọ kékeré kan fi aṣọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Láti ibẹ̀, wọn kò yà sílé, ilé ìtajà ni wọ́n gbà lọ tààrà. Ìyàwó mi ra ṣòkòtò onírọ́bà méjì, ẹ̀wù rírọ̀ tí wọ́n ń gba orí wọ̀, àti bàtà tí kò ní okùn. Eérú ni gbogbo rẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì kan ṣoṣo lára wọn. Ó ṣàlàyé fún Bàbá pé níbí, ẹni tí òkú bá wà nílé rẹ̀ nìkan ló ń wọ kóòtù dúdú, pé aṣọ ìrọ̀rùn ni gbogbo ayé ń wọ̀.

Bàbá di ẹ̀wù náà mú, ó fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò. "Ṣé dókítà ló ní kí o rà á fún mi?"

Ìyàwó mi rí ọ̀nà àbáyọ. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá mi. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀." Irọ́ kọ́ ló pa. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Bàbá kò jiyàn. Bàbá tó ń bá mi jiyàn lórí bí mo ṣe ń fọ ọwọ́, tó lè fi gbogbo àárọ̀ jiyàn lórí ibi tó yẹ kí èèyàn kọ́ àkẹtẹ̀ sí, kò jiyàn. Ó ká kóòtù rẹ̀ sínú àpótí, ó wọ eérú, ó jókòó. Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Ẹ wò ó bó ṣe bá a mu. Ẹ ò lè mọ̀ pé àlejò ni mọ́."

"Bàbá, ẹ ti dọ̀dọ́," mo kígbe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

Ọjọ́ kejì kò lọ ra búrẹ́dì. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun díẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní òtútù wà níta, bẹ́ẹ̀ oòrùn ló ń ràn. Nígbà tó yá, kò sọ ìdí kankan mọ́, ó kàn ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èmi ni mo wá ń ra búrẹ́dì.

"Mínísítà ńkọ́?" obìnrin oníbúrẹ́dì bi mí. "Ṣé ó ti padà sílùú yín ni?"

Mo ní ó wà nílé, ó ń sinmi.

Oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọmọ rẹ̀ bí yóò ṣe ṣe ilé rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún, ẹni tó yẹ kó máa gbé inú rẹ̀, igi wo ni kí wọ́n má gé. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, Bàbá mi," ni ìyàwó mi máa ń dá a lóhùn. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún mi, èyí tí iléeṣẹ́ rélùwéè fi dá a lọ́lá. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Inú mi dùn, mo wọ̀ ọ́ lọ sábẹ́ bọ́ọ̀sì, mo fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé àna mi ló fún mi. Ọlọ́gbọ́n tí kì í ronú ni mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a ń jẹun, ó fi ṣíbí sílẹ̀.

"Mo fẹ́ padà sílé."

Omijé bọ́ lójú ìyàwó mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Kí la ṣe fún yín, Bàbá mi?"

"Ẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ tọ́jú mi, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìgbà tó yẹ kí èèyàn wà nílé ara rẹ̀."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó wọlé lọ sùn, ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú. "Aṣọ yẹn ni," ó ní. "Mo gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ yẹn ni kò ti jáde mọ́? Ọ̀la ni mo máa dá a padà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín."

Ó rí òótọ́. Ìdajì òótọ́ ló rí.

Lọ́jọ́ kejì kò lọ síbi iṣẹ́. Ó kó aṣọ Bàbá jáde nínú àpótí, ó fọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sá a, ó lọ̀ ọ́. Ó lọ kóòtù, ó fa ìlà sí ṣòkòtò bí Bàbá ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Èmi nu bàtà rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà. A tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ibùsùn rẹ̀ létòlétò: ṣẹ́ẹ̀tì nínú kóòtù, táì láàrin, ṣòkòtò nísàlẹ̀, bàtà níbi ẹsẹ̀. Inú wa ń dùn bíi ti ọmọ tó fẹ́ ṣe ìyá rẹ̀ ní kàyééfì. Ìyàwó mi lọ fà á lọ́wọ́ wá láti ibi fèrèsé.

"Ẹ wò ó, Bàbá mi."

Bàbá wo orí ibùsùn. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo aṣọ náà mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé ó ti kù díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kí ló kù díẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ wò, ká mọ̀ bóyá ó ṣì gbà mí. Mo ti rù."

Ó kọ́kọ́ yé mi kó tó yé ìyàwó mi: aṣọ ìsìnkú rẹ̀ ló rò pé a tẹ́ sílẹ̀. Bàbá jókòó sétí ibùsùn, ó rọra sún ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má baà rún. Ó ní ká má fi ara wa ni, pé ó ti pẹ́ tí òun ti mọ ohun tí dókítà sọ. Òun rí ojú ọmọ òun lọ́jọ́ náà. Òun béèrè, ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì mú òun lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ aláìsàn.

"Nígbà tí àìsàn ìyá rẹ burú," ó sọ fún un, "èmi fúnra mi ni mo kó gbogbo aṣọ rẹ̀ tó ní bọ́tìnnì kúrò. Mo ra onírọ́bà fún un, èyí tó rọrùn bọ́. Èèyàn kì í de bọ́tìnnì fún ẹni tó ń lọ. O kò sí nílé nígbà náà, ṣùgbọ́n wò ó, o ṣe é bó ṣe yẹ."

Ìyàwó mi pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bọ́tìnnì tó ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan, aago tí dókítà ń wò, àwàdà òkú, ìtìjú, aṣọ pupa tirẹ̀ náà. Ó ní, "Ara yín le, Bàbá mi! Ọkàn yín ń lù bíi ti ọ̀dọ́! Ohun tó sọ nìyẹn!" Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó fi ọwọ́ pa á lórí.

"O ṣeun, ọmọ mi. O gbìyànjú."

Mo fi orí ìyá mi búra níwájú rẹ̀. Ó ní àna dáadáa ni mí, pé òun kò ṣi mí yàn. A mú un padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin onísálúbàtà yẹn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó sì sọ ọ́, ó tún un sọ, ó tilẹ̀ tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n èdè wo ló fi sọ ọ́? Ta ló ń túmọ̀ rẹ̀? Ìyàwó mi náà ni. Bàbá ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú sùúrù, bí ìgbà tí ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì bá ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún un.

Ó lọ. Kí la fẹ́ fi dá a dúró? Bí a bá ní kó má lọ, a jẹ́ pé a kò fẹ́ kó kú sílé rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó lọ, a jẹ́ pé a gbà pé ó ń kú. Eérú ló wọ̀ lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Àwọn ará ibẹ̀ sọ fún wa pé kò jáde, pé orí ibùsùn ló máa ń wà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń wá kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí dókítà òkè òkun ti sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìyàwó mi ń pè é lójoojúmọ́. Ohùn Bàbá ń fúyẹ́ sí i. Àìsàn kan kò ṣe é, ó sì ń lọ lójú wa, ohun tí ìyàwó mi bẹ̀rù jù lọ láyé ló ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù. Lánàá, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí èmi náà lè gbọ́.

"Bàbá mi, mo bẹ̀ yín, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín. Ẹ dìde. Ẹ wọ aṣọ yín, ẹ jáde síta."

A ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Má da ara rẹ láàmú, ọmọ mi," ó ní. "Èmi náà sọ fún ìyá rẹ pé kò sí nǹkan kan. Irú ohùn tí o fi ń sọ ọ́ yìí gan-an ni mo fi sọ ọ́. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun gbà mí gbọ́, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Èmi náà gbà ọ́ gbọ́."